Òróró Nínú Omi Òkun

Ẹja méjì péré ni mo ní kí àbúrò mi tó gbé àpótí ńlá dé. Inú àpótí gíláàsì kékeré kan ni wọ́n ń gbé, orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni mo sì gbé e sí, nínú pálọ̀ mi ní Ayédé. Wọ́n pọ́n bí ọsàn tó gbó. Ilà funfun wà lára wọn, ó dà bí ìgbà tí télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ.

Ẹja òkun ni wọ́n, omi oníyọ̀ ni wọ́n ń gbé. Gbogbo ẹni tó bá wá rán aṣọ ló máa ń bi mí ní ohun kan náà. Bàbá kan wà tó ní oko kòkó, ògiri ilé rẹ̀ kan tèmi. Kì í tíì kí mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Télọ̀, ìgbà wo la máa sè wọ́n?"

"Bàbá, wọn kì í ṣe jíjẹ."

"Ẹja tí kì í ṣe jíjẹ! Ṣé ìwọ lò ń bọ́ wọn ni, àbí àwọn ló ń bọ́ ọ?"

Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn dájú.

Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kó wa wọ igbó. A rìn, a sùn sílẹ̀, a tún rìn. Kì í ṣe gbogbo wa ló padà wá sílé. Èmi padà wá. Lọ́jọ́ tí mo dé, àwọn èèyàn ń jó, wọ́n ń kọrin ọpẹ́ lójúde mi, èmi sì ń wá ibi tí n ó sá pamọ́ sí nítorí ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kadà bá ti dẹwọ́ eré níwájú ilé mi, ọwọ́ mi á dúró lórí maṣíìnì. Mi ò lọ sí Òyè mọ́, Òyè tí kò jìnnà. Oníbàárà tó bá fẹ́ síìpù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rà á wá.

Àbúrò mi ọkùnrin ló mú ẹja náà wá. Èkó ló ń gbé. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń tọ́jú àpótí ẹja nílé àwọn tó rí jájẹ. Nígbà tó kọ́kọ́ wá kí mi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló bá mi níbi tí mo jókòó sí. Nígbà tó tún máa wá, ó gbé àpótí kékeré náà lé itan láti Èkó bí ẹni gbé ọmọ.

"Ẹ máa wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ má ro nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wò wọ́n."

Mo ń wò wọ́n. Bí mo bá ń wò wọ́n, etí mi kì í sí lójú ọ̀nà. Èyí tó tóbi ni abo. Òun ló ń lé èyí kékeré kiri látàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á sún mọ́ ara wọn ní igun kan, wọ́n á dúró síbẹ̀, ìyẹn ni oorun tiwọn. Ìgbà tí mo bá rí i pé wọ́n ti sùn ni èmi náà tó lè sùn.

Òfin kan wà tí àbúrò mi tẹnu mọ́ ju gbogbo òfin yòókù lọ. Ohunkóhun tó bá ní ọ̀rá kò gbọ́dọ̀ kan omi náà. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án, ìpara kò gbọ́dọ̀ kàn án, òrí kò gbọ́dọ̀ kàn án. Mo gba òfin náà bí ẹni gba oyè. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ayé ń fi òrí pa ara, ọwọ́ tèmi funfun, ó sán, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ létí èékánná. Oníbàárà kan wò ó nígbà tí mo ń wọn apá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń lọ èlùbọ́ mọ́ aṣọ rírán ni?"

"Nítorí ẹja ni," mo ní.

Ó wo àpótí náà, ó wo ọwọ́ mi, ó sì yí ojú sí ibòmíràn, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí àbúrò mi ń bá tọ́jú ẹja fẹ́ kó lọ sí òkè òkun. Kò lè gbé àpótí rẹ̀ lọ, ó bá fi ta àbúrò mi lọ́rẹ. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ palẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́. Mo ń gbé òkun bọ̀."

"Òkun wo? Èyí tí mo ní ti tó mi."

"Ó lè tó yín, kò tó àwọn ẹja. Omi kékeré ló máa ń tètè bàjẹ́. Nǹkan díẹ̀ báyìí, ó ti yí padà. Omi púpọ̀ kì í tètè yí padà. Wọ́n á pẹ́ láyé níbẹ̀."

"Ó tóbi tó báwo?"

"Ẹ lè sùn sínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ti gbé lọ rí kì í fẹ́ kí ohun ńlá wọ ilé òun lójú gbogbo èèyàn. Nínú igbó, ohun tí wọ́n ń bi wá ṣáá ni pé ta ló ní nǹkan, ta ló ní ilé, ta ló ní mọ́tò, ta ni èèyàn rẹ̀ wà l'Ékòó. Mo fẹ́ sọ èyí fún un. Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé wọ́n á pẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì kù sí mi létí. Mo ní kó máa gbé e bọ̀.

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ akẹ́rù náà gba àárín ìlú kọjá. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wá bá wa gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń kígbe pé "Rọra! Rọra!" bí ẹni gbé aláìsàn. Bàbá olóko kòkó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Télọ̀, pósí gíláàsì! Ọba wo ló wàjà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Èmi ń ka àwọn ojú tí mi ò mọ̀ láàrin wọn.

Omi òkun gidi ni àbúrò mi bù sínú kẹ́ẹ̀gì l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo jù, táyà kan sì bẹ́ nígbà tí wọ́n dé Ìdó. Ó bá já díẹ̀ nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta bátìrì sólà níbẹ̀. Ó ní ká jẹ́ kí wọ́n wà lọ́hùn-ún ná, pé omi tí a ó máa fi pààrọ̀ nìyẹn.

Ó fi ọjọ́ bíi mélòó kan to àpótí náà. Ó da iyanrìn sí i, ó to òkúta òkun lé e, ó so iná àti ẹ̀rọ mọ́ bátìrì kí ó má baà jẹ́ pé iná ìjọba nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé. Ó fi ẹja mìíràn kún un, ọ̀kan aláwọ̀ aró àti àwọn kéékèèké tí n kò mọ irú wọn, àti edé pupa kan tó ń rìn bí arúgbó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni iyùn. Iyùn tí a mọ̀ ni èyí tó wà lọ́rùn ọba àti ọrùn ìyàwó. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹbí tó ń mí. Èyí tí àbúrò mi gbé wá wà láàyè, ó rọ̀, ó ń ṣí bí ọwọ́ ọmọ tuntun, ó sì ń padé tí òjìji èèyàn bá kọjá lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kó àwọn ẹja méjì mi síbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ sá sábẹ́ òkúta. Mo dúró tì wọ́n títí àbúrò mi fi jẹun tán. Abo ló kọ́kọ́ jáde. Ó wẹ̀ dé òpin gíláàsì lọ́hùn-ún, ó yípo, ó tún wẹ̀ padà, bí ẹni tó ń wo ilé tuntun bóyá òrùlé rẹ̀ ń jò. Mo sunkún díẹ̀. Àbúrò mi ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Nígbà tó fẹ́ da omi àpótí kékeré nù, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì dé e pa.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ìdọ̀tí ni."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi àjákù aṣọ wé àpótí kékeré náà pẹ̀lú, mo tì í sábẹ́ tábìlì. Mo rán kọ́tìnì onípele méjì sí fèrèsé kí iná àpótí náà má baà hàn síta. Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi padà sí Èkó.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ wa wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí aṣáájú wọn jẹ́ sí mi. Nígbà tí mo wà nínú igbó, ìyá yìí gba ààwẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi jìn. Àràárọ̀ ló ń kó àwọn obìnrin wá sójúde mi, wọ́n á kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, wọ́n á máa pe orúkọ mi. Nígbà tí mo dé, òun ló bọ́ aṣọ igbó lára mi, tó gbé omi gbígbóná, tó sì wẹ̀ mí. Mi ò ní ìyá mọ́. Òun ni mo ní.

Ní ìjọ wa, ohun tuntun kì í wọ ilé kó má gba òróró. Wọ́n ti fi òróró sí ọ̀kadà, sí ẹ̀rọ ata, sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àti sí maṣíìnì mi náà. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìgò kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu. Mo rò pé gíláàsì ni yóò fi ìka kàn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ulé rẹ ti di ulé àpéwò. Ojú ayé pọ̀. Ohun tó tóbi báyìí, a kì í gbé e sílẹ̀ lásán."

"Ẹ ṣé, mà."

"Àwọn tí wọ́n rí ọ lákọ̀ọ́kọ́ tí wọ́n fi mú ọ wọ ugbó, wọn ò ní tún rí ọ mọ́."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Wọ́n kọrin. Orin náà dùn, wọn kò pariwo rẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n ń wo ẹja. Lẹ́yìn náà ìyá ní ká pa ojú dé. Mo pa ojú dé. Ó ń gbàdúrà, ó dárúkọ mi, ó dárúkọ ọ̀nà Ìkọ̀lé, ó dárúkọ ìjádelọ mi àti ìwọlé mi. Mo gbọ́ tí nǹkan kan kan etí gíláàsì, kó. Mo la ojú.

Àpótí náà kò ní ìdérí, nẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lórí rẹ̀ kí ẹja má baà fò jáde. Òróró ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì náà kọjá. Kì í ṣe pé ó ń kán. Ó ń ṣàn.

"Mà..." mo ní.

"Ṣe Àmín, ọmọ mi."

Inú igbó ni mo ti kọ́ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló ń fojú rí i. Ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bí kò bá tilẹ̀ sí ìyẹn, kí ni n ó sọ? Ṣé n ó sọ fún ìyá tó wẹ̀ mí pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni májèlé? Ó dojú ìgò dé, ó gbọ̀n ọ́n títí ó fi gbẹ.

"Àmín," ni mo wí.

Wọ́n mu omi, wọ́n jẹ bisikíìtì, wọ́n ní ẹja náà dára púpọ̀. Nígbà tí mo sìn wọ́n jáde tán tí mo padà wọlé, ojú omi ti ń dán bí ojú omi tó dúró ní ilé mẹ́káníìkì. Òróró ti dí ẹ̀rọ tó máa ń fọ omi, kò dún mọ́. Àwọn ẹja ti gòkè wá, wọ́n ń la ẹnu sí òróró náà.

Mo pe àbúrò mi.

"Òróró?" ó ní. "Òróró wo?"

"Òróró àdúrà."

"Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ọ síbẹ̀?"

"Wọ́n dà á. Ìgò kan."

 Mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò l'Ékòó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ò wá sọ nǹkan kan?"

"Mo ṣe Àmín."

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òróró ti bo ojú omi, afẹ́fẹ́ kò lè wọlé, bí ẹni fi ọ̀rá bo imú wọn. Ó ní kí n tẹ́ tíṣù sórí omi, kí n máa ká a kúrò, kí n tún tẹ́ òmíràn. Ó ní kí n má kó ẹja kankan kúrò níbẹ̀, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni, kíkó lọ kíkó bọ̀ lè pa wọ́n, àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Ohun tó máa gbà wọ́n ni omi tuntun. Omi tuntun sì wà ní Ìdó.

Mo tẹ́ tíṣù títí ó fi tán. Mo tẹ́ bébà tí mo fi ń gé pátánù. Mo tẹ́ àjákù aṣọ funfun, aṣọ inú ẹ̀wù tí oníbàárà kò gbà padà. Òróró ń kúrò, òróró ṣì ń bẹ. Àwọn iyùn ti padé, wọ́n ki bí ẹ̀ṣẹ́ tí ẹnì kan dì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹja aláwọ̀ aró ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, edé kò sì rìn mọ́. Àwọn méjì mi wà ní igun kan lókè, wọ́n ń mí kíákíá, ara wọn kan ara.

Awakọ̀ kan ṣoṣo ni mo lè wọ ọkọ̀ rẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni. Mo pè é. Ó ti lọ sìnkú ní Àkúrẹ́. Mo pe ọ̀rẹ́ àbúrò mi ní Ìdó. Ó ní òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí n rán ẹnì kan wá. Mo ronú láti rán ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n n ó ní láti júwe ilé fún un, ilé obìnrin tó ń dá gbé, tí ẹrù wúwo ń lọ síbẹ̀. Ahọ́n mi kò gbà á.

Mo bá wẹ̀, mo wọ bàtà, mo jáde sí ojú títì. Òyè, Ìfàkì, Ìdó. Ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti ìgbà èwe ni. Takisí kan dúró, mo ní kó máa lọ. Òmíràn dúró, mo tún ní kó máa lọ. Mo wọ ẹ̀kẹta, mo jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó gbé ewédú dání. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Nígbà náà ni ọkùnrin kan tó dé fìlà wálẹ̀ dé ojú yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé kan, ó ní òun ń lọ Ìfàkì. Ó lè jẹ́ olùkọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹnì kan tí mo mọ̀. Mo ti ṣílẹ̀kùn, mo ti wà nílẹ̀.

"Màmá!" ni awakọ̀ wí. "Ṣé ẹ̀ ń dán àga wò ni? Ẹ bá wa sọ, ṣé ó rọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ọkùnrin onífìlà náà ṣí fìlà sókè díẹ̀, ó wò mí, ojú ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, mà, n ó bọ́ síwájú."

Mo fẹ́ wọlé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn náà pa. Ọkọ̀ náà lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lójú títì. Nígbà tí mo padà délé, abo ti wà lórí iyanrìn, kò mí mọ́. Èyí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ẹnu tì í, ó ń dúró, ó tún ń tì í.

Mo fa àpótí kékeré jáde lábẹ́ tábìlì. Mo tú àjákù aṣọ lára rẹ̀. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì omi àtijọ́, mo da omi náà sí i, mo so ẹ̀rọ kékeré mọ́ bátìrì. Abọ́ ni mo fi bu ẹja kékeré náà. Kò bá mi jà. Ó kàn dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́ bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé bí a ti ń gbéni lọ nìyẹn, pé kò sí ohun téèyàn lè ṣe.

Òun nìkan ló yè. Àbúrò mi dé lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́n àpótí ńlá gbẹ, ó kó àwọn iyùn sínú àpò. Wọ́n ti funfun, wọ́n ti ń rùn. Ó rí kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé nínú irú ẹja yìí, bí abo bá kú, akọ tó kù a máa di abo tó bá yá. Mi ò bi í bóyá ó máa ń dùn ún. Ó ní a ó tún àpótí ńlá ṣe, òun á tún bu omi wá. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. A gbé àpótí kékeré sí yàrá mi, sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn kọ́tìnì.

Nígbà tó lọ tán ni ìyá wá kí mi. Ó dúró níwájú gíláàsì tó ṣófo, ó wò ó títí.

"Àwọn ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n kú, mà."

"Gbogbo wọn?"

Mo fa ilẹ̀kùn yàrá mi dé. Ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sókè.

"A dúpẹ́ o! Ọmọ mi, má sunkún. Ohun tó ń bọ̀ wá bá ọ ni wọ́n gbà sára. Ọlọ́run ti fi wọ́n ṣe ìràpadà orí rẹ. Ṣé o rí i? Ká ní a ò gbàdúrà sí i ńkọ́?"

Mo wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí pé bóyá òótọ́ ló sọ. Èmi wà láàyè, wọ́n ti kú. Ta ni èmi tí n ó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́?

"Ẹ ṣé, mà," mo ní.

Ó di ọwọ́ mi mú láti bá mi ṣe Àmín, ó sì rí i bó ṣe sán.

"Yéè! Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ báyìí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yọ ìgò mìíràn nínú báàgì rẹ̀, ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á, ìka kan lẹ́yìn èkejì, títí dé ọrùn ọwọ́, bó ṣe wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí mo ti igbó dé. Ó tù mí lára. Ó pẹ́ tí ọwọ́ mi ti rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fà á kúrò.

Lẹ́yìn tó lọ, mo wọ yàrá. Ẹja náà rí mi, ó sáré wá síwájú gíláàsì, nítorí àkókò oúnjẹ rẹ̀ ti tó. Mo gbé ọwọ́ mi sókè sí iná, ó ń dán. Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbé omi kaná, mo mú kànìnkànìn, mi ò mú ọṣẹ. Mo fọ ọwọ́ náà, mo wò ó, ó ṣì ń dán. Mo tún gbé omi mìíràn kaná.